Ojú Ewé Tó Sọnù Nínú Ìwé Àwọn Káńsẹ́lọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan kí ẹ tó kà á lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ìjọba lé yín lọ́wọ́ láàárín èrò, tó ní kí ẹ kà á sókè, ẹ sọ pé ojú ń dùn yín. Bí wọ́n bá ní ojú kò dùn yín láàárọ̀, ẹ ní ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé èmi ni mo kọ́ yín. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dá a. Àríwá Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ọdún 1992 ni, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì wà lókè, tí wọ́n fún àwọn alágbádá ní ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́.

Sàníù kò rí ẹni kìlọ̀ fún un báyìí. Sàníù Àkànbí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ìwé mẹ́fà ló kà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé àwọn káńsẹ́lọ̀, òun ló ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun náà ló sì ń gbé ìwé kiri. Èèyàn jẹ́ẹ́ ni. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí lójijì, yóò dìde. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló wọlé, yóò kọ́kọ́ kí i kó tó lé e.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn káńsẹ́lọ̀ mọ́kànlá ń jókòó. Yorùbá ni wọ́n fi ń jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìjà náà sílẹ̀, nítorí ìjọba kì í ka Yorùbá. Akọ̀wé ilé, Mìsísì Títíladé Oyèbánjí, ni yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì Líídà, olórí àwọn káńsẹ́lọ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù mẹ́ta. Ọmọ ìjọ Àpósítélì ni Mìsísì, aláàwẹ̀ ni. Kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún ohun tí ẹnu sọ, kò sì ní yọ ọ̀kan kúrò. Bí káńsẹ́lọ̀ bá húkọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe kókó, ó lè kọ ikọ́ náà sílẹ̀. Lọ́jọ́rú, yóò fi táípù lu gbogbo rẹ̀ sórí sítẹ́ńsù, ìyẹn bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí lẹ́tà máa ń dá lu. Sàníù yóò wá wọ sítẹ́ńsù náà mọ́ àgbá kékeré tó wà lára ẹ̀rọ, tí íǹkì kún inú rẹ̀, yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò sì máa yí i: fàràrà, fàràrà. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ó ti to ojú ewé jọ, ó ti fi píìnì gún un pọ̀, àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá lókè, àbádòfin tí wọ́n fẹ́ jíròrò nísàlẹ̀. Yóò dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di abúlé káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Káńsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun gba ìwé kí Ìṣẹ́gun tó pé. Bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ gbà, tàbí tí ojú ewé kan bá dín, wọn kò lè jókòó. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú Sàníù, ojú ewé kan péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ṣáṣá. Ẹni tó rí i he fi di àkàrà. Wọ́n lé ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, Sàníù a máa ka ojú ewé bí ìyá ṣe ń ka ọmọ lẹ́yìn ìjì. Ọdún mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àdúrà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun kò ju ẹyọ kan lọ: Ọlọ́run, má jẹ́ kí ojú ewé kankan sọnù.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, ó kan Abà Olókùúta, lẹ́yìn odò Alápò. Káńsẹ́lọ̀ ibẹ̀ ni Láyí Ògúntádé, géńdé kan tó mọ aṣọ wọ̀, tí ohùn rẹ̀ máa ń dùn bí oyin lábúlé. Nínú ilé àwọn káńsẹ́lọ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ á dé ibẹ̀.

Sàníù gbé kẹ̀kẹ́ lérí, ó la odò kọjá, omi mù ún dé orúnkún. Ó bá àwọn ará abà níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, lábẹ́ òrùlé páànù. Láyí kò sí nílé. Ó lọ sí Mọ́níyà, wọ́n ní kò ní pẹ́ dé. Sàníù fẹ́ yí padà. Kò yára tó.

"Bàbá oníwèé, ẹ ò ní kí wa ni?" Mùjíbátù ló sọ̀rọ̀, obìnrin tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, tí ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ẹ̀rọ náà lọ.

"Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú... ẹ kú ooru."

"Ìwé Láyí nìyẹn?"

"Ìwé ìjọba ni."

Baálẹ̀, bàbá arúgbó tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, na ọwọ́ sí i. "Àkànbí, sún mọ́ mi. Láyí sọ fún wa pé ní ìjókòó tó kọjá yìí, òun sọ̀rọ̀ afárá odò Alápò títí òógùn fi bo òun, pé Líídà ló bẹ òun kí òun tó jókòó. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, bàbá. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kò burú. Wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ló ń wà nínú ìwé yẹn."

"Ó ń wà níbẹ̀, bàbá."

"O sì mọ̀ ọ́n kà."

Ibi tó ti yẹ kí ojú máa dùn ún nìyẹn. Kò rántí. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀, bàbá." Mùjíbátù ti pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo abà dákẹ́. Àwọn ọkùnrin tó ń ti oko bọ̀ dúró, àdá lọ́wọ́. Sàníù ṣí ìwé. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òun ló tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ojú ewé méje, ẹ̀ẹ̀mejì péré lorúkọ Láyí jáde. Lójú ewé kẹrin: Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Lójú ewé kẹfà: Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé bèèrè bóyá oúnjẹ ti dé.

Ó wo ìwé. Ó wo àdá. Bí òun bá ka ti fèrèsé, Láyí yóò gbọ́, yóò sì lọ sọ fún Líídà pé òṣìṣẹ́ ilé ń ba òun lórúkọ jẹ́. Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Bí òun bá ní òun kò rí ọ̀rọ̀ afárá, wọn yóò ní òun ti sọ ojú ewé nù. Iṣẹ́ ti lọ nìyẹn náà. Ó fi ìka lé ibi fèrèsé.

"Káńsẹ́lọ̀ Ògúntádé dìde," ó ní.

"Ó dìde!" làwọn èrò wí.

"Ó ní... ó ní, ẹ̀yin ọlọ́lá, ìyà tí àwọn èèyàn mi ń jẹ lọ́wọ́ odò Alápò ti tó."

"Káre, ọmọ Ògúntádé!"

Ọdún kan gbáko ni Sàníù ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ láti ojú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ. Kò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti wọ òun lára bí íǹkì. Ó mú ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, ó mú ìbínú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó fi ẹkún ẹnì kẹta là á láàárín. Ó ní Láyí sọ ti àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń ru bàtà lórí sọdá odò. Ó ní Láyí sọ ti básíà gààrí Mùjíbátù tí omi gbé lọ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá... rárá, lójò tó kọjá, tí àwọn ẹja fi tẹ ẹ̀bà.

Mùjíbátù bú sẹ́kún. "Ó rántí básíà mi! Láyí tí kì í kí mi láàárọ̀!"

"Ó wà níbẹ̀," ni Sàníù wí. Òógùn ti wá ń bo òun alára báyìí. "Ó ní àfi kí ìjọba fi pákó tó nípọn ṣe afárá síbẹ̀."

"Tún un kà," ni Baálẹ̀ wí. "Etí mi kan kò gbọ́ ọ délẹ̀."

Ìyẹn ni Sàníù kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ka ohun tó wà nínú ìwé lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹni tó ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀kan ni tirẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tún sọdá odò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti pọ̀ sí i. Nígbà tó dé ibi afárá, kọnkéré ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mùjíbátù nu imú. "Ẹ dúró ná. Pákó lẹ kà lẹ́ẹ̀kan. Báwo ló ṣe di kọnkéré?"

"Pákó wà lókè ojú ewé," ni Sàníù wí. "Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, inú ti bí i."

Àwọn èrò mi orí. Wọ́n mọ bí inú ṣe ń bí àwọn ọmọ Ògúntádé.

"Kí wá ni ilé wí?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́, bàbá."

"N kò bèèrè àtẹ́wọ́. Ṣé wọ́n gbà?"

Sàníù wo ojú bàbá náà. Ojú tó ti ń retí afárá láti ayé òyìnbó ni. Ó yẹ kó sọ pé òun kò tíì kà débẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò dúró dè é. "Wọ́n gbà," ó ní.

Ariwo sọ. Àwọn ọkùnrin fi àdá lu àdá. Wọ́n bu gààrí gbígbóná sínú ewé fún Sàníù, ó jó o lọ́wọ́, kò lè jù ú sílẹ̀. Baálẹ̀ ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, gbogbo abà ń lọ sí ilé àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ dúpẹ́, pẹ̀lú iṣu.

Àárín ariwo náà ni Láyí dé. Wọ́n ti gbé e lé èjìká kó tó mọ ohun tó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́, orí èjìká ló ti fọwọ́ sí ìwé Sàníù. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ sin bàbá oníwèé dé etí odò.

Ní etí odò, ẹ̀rín náà tán.

"Ẹ̀gbọ́n Sàníù, kí lẹ kà fún wọn?"

Sàníù sọ ọ́. Ó ń dúró, ó ń wẹ̀yìn, ó sọ ọ́ tán.

"Èmi ni mo sọ gbogbo ìyẹn?"

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, sà."

"Kọnkéré ńkọ́?"

"Inú ló bí yín, sà."

Láyí jókòó sórí òkúta. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí Ìṣẹ́gun, ó ṣí fìlà. "Wọ́n fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Líídà lórí ọ̀rọ̀ tí Líídà kò gbọ́ rí. Wọ́n á bèèrè ohun tí mo sọ. Mìsísì á sì ka fèrèsé fún wọn. Ẹ̀gbọ́n, iṣu yẹn ni wọ́n máa sọ lù mí."

Àwọn méjèèjì wo omi. Láyí ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. "Kí ni Líídà máa ń bèèrè kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀?"

Sàníù mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ Fátíà. Wọn kì í ṣe nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Líídà yóò gbé àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá sókè, yóò ní, ǹjẹ́ àtúnṣe wà? Ẹni tí wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, tàbí tí wọ́n fo tirẹ̀, yóò dìde, yóò tún un sọ, wọn yóò sì kọ ọ́ wọlé.

"Màá dìde," ni Láyí wí. "Màá ní ọ̀rọ̀ mi kò sí níbẹ̀. Màá ní ojú ewé kan sọnù lẹ́yìn ìkẹrin."

"Ta ló sọ ọ́ nù, sà?"

Láyí ń wo kẹ̀kẹ́ Sàníù, ó ń wo okùn tó fi di ìwé mọ́ ọn, bí ẹni ń wo àgbò iléyá.

"Ẹ dákun, sà. Ọdún mẹ́ta ló kù."

"Ẹ̀yin náà lẹ kà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà ná." Sàníù sì dúró nínú omi, ó ń kọ́ káńsẹ́lọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí káńsẹ́lọ̀ ti sọ.

Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, lọ́rí kan já àwọn ará Abà Olókùúta sílẹ̀. Wọ́n to iṣu sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kún bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, níbi tí èèyàn kì í jókòó sí àfi bí òjò bá lé e wọlé. Sàníù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ.

Líídà, Ọláwálé lórúkọ rẹ̀, bàbá sísanra kan tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa tètè tán, gbé àkọsílẹ̀ sókè. "Ǹjẹ́ àtúnṣe wà?" Ó ti ń gbé e sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn.

"Ó wà." Láyí ti dìde.

Mìsísì Títíladé mú pẹ́ńsùlù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Láyí máa dìde tí kì í ṣe nítorí ooru.

Láyí ní ojú ewé kan sọnù, èyí tí ọ̀rọ̀ òun lórí afárá Alápò wà, kí ilé jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun tún un sọ kó lè wọlé. Ó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó bínú dáadáa, ó dé orí pákó.

"Ẹ ti fo básíà mi!" Mùjíbátù ké láti ẹ̀yìn. "Nínú ìwé tí wọ́n kà fún wa, básíà ló ṣáájú pákó!"

Láyí tọrọ àforíjì, ó padà lọ mú básíà.

Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ ká páànù lórí ilé. Káńsẹ́lọ̀ tó jókòó ti Láyí, Sanmí lórúkọ rẹ̀, wo àwọn èrò, ó wo iṣu, ó rò ó pé abúlé tòun náà lè gbọ́. Ó dìde. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, ọ̀rọ̀ òun náà lórí ilé ìwòsàn kò sí níbẹ̀. Ẹnì kẹta dìde, tirẹ̀ wà lórí ọ̀nà oko. Ẹnì kẹrin kò tilẹ̀ wá sí ìjókòó ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aya rẹ̀ ló bímọ. Ó ní ọ̀rọ̀ tòun gan-an ló gùn jù nínú èyí tó sọnù. Nígbà tí agogo kan fi máa lù, káńsẹ́lọ̀ mẹ́wàá ti rí ọ̀rọ̀ wọn he. Líídà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní bí òun ṣe ń rò ó yìí, òun náà sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, àfi bíi ìdajì wákàtí.

Mìsísì Títíladé dìde.

"Mo wà níbí lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ojú ewé méje ni mo lù, ojú ewé méje ni mo fún Ọ̀gbẹ́ni Sàníù. Bí ọ̀rọ̀ èèyàn mọ́kànlá bá wà lójú ewé kan ṣoṣo tó sọnù, ojú ewé náà á tó ẹní sùn. Ọ̀gbẹ́ni Sàníù, ẹ bọ́ síwájú. Ṣé ojú ewé kan sọnù lọ́wọ́ yín, àbí kò sọnù?"

Sàníù bọ́ sí àárín ilé. Bó bá ní ó sọnù, iṣẹ́ lọ. Bó bá ní kò sọnù, káńsẹ́lọ̀ mọ́kànlá di òpùrọ́ níwájú iṣu, iṣẹ́ á lọ, kò sì dájú pé òun náà á délé. Ó gbójú sókè. Láyí ń wò ó. Sanmí ń wò ó. Ẹni tí aya rẹ̀ bímọ ń fi fìlà fẹ́ra. Líídà ti yọ ìdí kúrò lórí àga. Sàníù kò mọ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ̀rù ṣe ń ṣe ojú èèyàn tí kò dá mọ̀. Ó rí i pé lónìí, ẹ̀rù kò mọ lójú tòun nìkan.

"Mo fẹ́ sọ òótọ́..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Kò pọn dandan!" ni Líídà ké. Ikọ́ mú káńsẹ́lọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. "Ilé yìí kì í bá òṣìṣẹ́ wí níwájú àlejò. A ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta láti wádìí ojú ewé náà. Káńsẹ́lọ̀ Ògúntádé, Káńsẹ́lọ̀ Sanmí, àti... ẹ̀yin bàbá ìkókó. Títí wọn ó fi wádìí tán, Ọ̀gbẹ́ni Sàníù á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àbí ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Baálẹ̀ fi ọ̀pá dìde lẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọmọ wa, a dúpẹ́ tí ẹ gbà."

"Kí la gbà, bàbá?" Líídà bèèrè.

"Afárá. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n kà fún wa. Wọ́n ní gbogbo ilé gbà."

Líídà wo Láyí. Láyí wo Sàníù. Sàníù wo ilẹ̀. Líídà wá wo iṣu, ó sì wò ó pẹ́. "Bó bá wà nínú ìwé," ó ní, "a jẹ́ pé a gbà. Ṣùgbọ́n ti pákó la gbà o."

"Ti òkè ojú ewé nìyẹn," Mùjíbátù ṣàlàyé fún àwọn tó jókòó tì í. "Kò burú. Ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́rú kò tó táípù náà. Ní Ọjọ́bọ̀, Mìsísì Títíladé ru sítẹ́ńsù mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọ yàrá ẹ̀rọ. Kò fi irọ́ kan ṣoṣo kún un. Bó ṣe kọ ọ́ ni pé Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé sọ lónìí pé òun sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ti àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, wọ́n ní àwọn ní.

"Òótọ́ pọ́ńbélé ni," ó ní. "Wọ́n sọ pé àwọn sọ ọ́." Ó ti ìlẹ̀kùn. "Ọ̀gbẹ́ni Sàníù, ìwé wo lẹ kà fún àwọn ará abà yẹn?"

Sàníù wọ sítẹ́ńsù àkọ́kọ́ mọ́ àgbá. Ó rọra tẹ́ ẹ.

"Obìnrin yẹn ní básíà ló ṣáájú pákó. Èmi kò lu básíà kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. N kò ní bínú."

Fàràrà.

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí."

Sàníù wo ọwọ́ Mìsísì. Pẹ́ńsùlù wà láàárín ìka rẹ̀, ẹnu pẹ́ńsùlù ti kan ìwé.

"Mà," ó ní, "bí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo máa ń kọ."

"Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá mi mú ojú ewé kejì."

"Sàníù!"

"Ojú ewé kejì, mà. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu mọ́."